Ìbéèrè kejì: Lẹ́tà ṣíṣí sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin

Sí Ọlọ́lá Sẹ́nétọ̀ Godswill Akpabio, Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà,
àti Ọlọ́lá Tajudeen Abbas, Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin,
Abuja.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí àwọn alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó yín náà, pàápàá àwọn tí ọ̀rọ̀ owó ìlú, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ọ̀rọ̀ ìrìnnà wà ní ìkáwọ́ wọn, nítorí pé àwọn gan-an ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kàn jù. Mo mọ̀ pé lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì yín, ó sì dá mi lójú pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́ tàbí ẹni tó ń wá owó. Èmi kò wá èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ máa bèèrè ìbéèrè kejì.

Kí n ṣàlàyé ara mi. Lọ́dọọdún, bí àbá ètò ìṣúná bá ti dé iwájú yín, àwọn mínísítà a tò wá síwájú àwọn ìgbìmọ̀ yín láti wá gbèjà owó tí wọ́n ń béèrè. Àwa náà a máa wò ó lórí tẹlifíṣàn. Alága a kí mínísítà káàbọ̀, mínísítà a dúpẹ́, a ka ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún un láti ọ́fíìsì. Ọ̀kan nínú yín a wá bi í pé ibo ni iṣẹ́ dé lórí ọ̀nà báyìí tó gba àdúgbò òun kọjá, mínísítà a sì fèsì pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, pé owó ni kò tíì jáde tán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Kò sí ẹni tí yóò wí pé: èló ló jáde, ọjọ́ wo ló jáde, ta ló gbà á, ìwé rẹ̀ dà? Ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí kò lè bèèrè rẹ̀. Akọ̀ròyìn ń bèèrè rẹ̀, èmi náà ń bèèrè rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ìbéèrè kejì, èyí tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń dáhùn, ẹ̀yin ni òfin fún lágbára láti bèèrè rẹ̀ lọ́nà tí ẹni náà kò fi ní lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Agbára náà wà nínú ìwé òfin ọdún 1999, kò sì farasin. Abala 67 sọ pé mínísítà gbọ́dọ̀ wá síwájú Ilé tó bá pè é, kí ó wá ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ ní iléeṣẹ́ rẹ̀. Abala 88 fún yín láṣẹ láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí, ó sì sọ ìdí tí ó fi fún yín ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀: kí òfin tí ẹ bá ń ṣe lè dára sí i, kí ẹ sì lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, iṣẹ́ tí wọn kò ṣe bó ti yẹ, àti owó tí wọ́n fi ṣòfò. Nínú abala 89, ẹ lè pe ẹnikẹ́ni ní orílẹ̀-èdè yìí wá jẹ́rìí, ẹ lè gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè mú un búra, bí ó bá sì kọ̀ tí kò wá, ẹ lè fi ìwé àṣẹ mú un wá. Lóòótọ́, òfin kò sọ yín di adájọ́, ẹ kò sì lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n nítorí pé ó jí owó ìlú kó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè gba ìwé, tó sì lè fi ìbúra gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, ohun kékeré kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Abala kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú tó mọ́lẹ̀ wò, ìyẹn abala 85. Ó ní kí Olùyẹ̀wé-owó Àgbà fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé méjèèjì láàárín 90 ọjọ́ tó bá ti gba ìṣirò ọdún lọ́wọ́ Olùṣirò-owó Àgbà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé òfin náà kò dá ọjọ́ kankan fún Olùṣirò-owó Àgbà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jókòó lé ìṣirò náà fún ọdún méjì, 90 ọjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, kò sì sí ẹni tó rú ìwé òfin. Nígbà tí ìròyìn bá fi máa dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìṣirò owó ìlú, mínísítà tó ná owó náà ti di gómìnà, tàbí ó ti di sẹ́nétọ̀, ẹni tó wà lórí àga rẹ̀ yóò sì wí pé òun kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Òótọ́ ló sì sọ. Ẹ̀yin ni aṣòfin. Ọjọ́ tí kò sí nínú ìwé òfin yìí, ẹ lè fi òfin mìíràn dá a, kí ẹ sì rí i pé wọ́n pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń rin ìrìn-àjò mọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1978. Nígbà tó bàjẹ́ tán, ìjọba àpapọ̀ gbé e fún iléeṣẹ́ aládàáni kan ní 2009 pé kí ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe, kí ó sì máa gba owó padà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Ní 2012, ìjọba gba ọ̀nà náà padà. Ní oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì: Julius Berger gba láti Èkó dé Ṣágámù, RCC sì gba láti Ṣágámù dé Ìbàdàn. Iye tí wọ́n kéde nígbà náà jẹ́ 167 bílíọ̀nù náírà.

Ní ọdún 2017, Babatunde Fashola tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ òde, iná mànàmáná àti ilé gbígbé bọ́ sí gbangba, ó ní Ilé Aṣòfin ti gé owó ọ̀nà yìí láti 31 bílíọ̀nù náírà sí 10 bílíọ̀nù, àti pé ẹ ti kó owó sórí kànga ẹ̀rọ àti iná ojú pópó ní àwọn àdúgbò yín. Ilé fárígá. Agbẹnusọ kan bọ́ síta, ó ní owó àwọn aládàáni ló yẹ kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà, kí owó ìjọba lè kárí àwọn ọ̀nà yòókù. Mínísítà fèsì, Ilé tún fèsì padà, ẹ sì wá ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí ìlú ń gbọ́ ni ẹni tó bú ẹni àti ẹni tó fèsì fún ẹni.

N kò gbè sẹ́yìn Fashola níbí. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gé owó tí ìjọba mú wá. Bí ẹ kò bá lè gé e, kí ni ìwúlò gbígbé e wá síwájú yín? Ohun tó dùn mí ni pé ìjà náà ṣẹlẹ̀ láìsí ìbéèrè kejì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nínú owó tí ẹ fọwọ́ sí fún ọ̀nà yẹn lọ́dún tó ṣáájú, mélòó ló dé ọwọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe? Gbèsè mélòó ni ìjọba jẹ wọ́n? Bí wọ́n bá gba 10 bílíọ̀nù, láti kìlómítà wo dé kìlómítà wo ni wọn yóò ṣe, bí ó bá sì jẹ́ 31 bílíọ̀nù ńkọ́? Ìwé kan ṣoṣo tí ojú ewé rẹ̀ kò pé márùn-ún ì bá dáhùn gbogbo rẹ̀, ẹ ì bá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó fún gbogbo ayé láti kà. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ akérò lórí afárá Kara rí ní ọ̀sán gangan, tí awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì nítorí epo, tí òórùn ọjà màlúù ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí ọmọdékùnrin kan ti ta gàálà àti omi inú ọ̀rá fún àwọn èrò kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọkọ̀ náà kò kúrò lójú kan, ẹni bẹ́ẹ̀ kò bìkítà nípa ẹni tó borí nínú ìjà Ilé àti mínísítà. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí wọn yóò ṣí apá ọ̀nà tó wà níwájú òun.

Ààrẹ Ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin fúnra yín ti jókòó rí lórí àga tí àwọn mínísítà ń jókòó sí. Ní 20 oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tí ẹ jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ Niger Delta, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣojú-ṣòfin pè yín lórí owó NDDC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta. Ọjọ́ náà ni ọ̀gá àgbà fìdíhẹ iléeṣẹ́ náà dákú lórí ìjókòó. Ọjọ́ náà kan náà ni ẹ sì sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé àwọn ọmọ Ilé Aṣòfin ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àgbàṣe iléeṣẹ́ yẹn. Bí ẹ ti ń sọ ọ́, ohun tí gbogbo ayé gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bi yín léèrè ni pé ó tó, ó ti tó, kí wọ́n pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìdáhùn tó yẹ kí ìbéèrè kejì gorí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ bò. Lẹ́yìn náà ni Abẹnugan ìgbà yẹn, Femi Gbajabiamila, fún yín ní wákàtí 48 láti dárúkọ àwọn tí ẹ ní lọ́kàn. Gbèdéke yẹn ló yẹ kí ó jáde láti ẹnu alága ìgbìmọ̀ lórí ìjókòó gan-an, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná, tí ẹni tó ń jẹ́rìí ṣì wà lórí àga. Ẹ mọ ohun tí ó máa ń rí lára ẹni tó wà lórí àga náà. Mo rò pé ìyẹn yẹ kí ó ràn yín lọ́wọ́ ju kí ó dí yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló ká mi lára jù, n kò sì ní sáré sọ ọ́. Láìpẹ́ yìí, mo sin aládùúgbò wa kan, ìyá tó ń ta léèsì àti aṣọ òkè, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan lẹ́yìn tí àwọn olè já ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóru. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà kò rí wa fín rárá. Ó kí ìyá náà, ó bá a kẹ́dùn, ó fún un ní bẹ́ńṣì jókòó. Ó wá ní kí a lọ ra ìwé fúúsíkáàpù àti báírò wá kí ìyá náà lè rí nǹkan kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí. A rà á. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, ó ní ọkọ̀ wọn wà níta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí epo nínú rẹ̀, pé bí a bá fẹ́ kí wọ́n lọ wo ṣọ́ọ̀bù náà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a wá nǹkan ṣe sí i. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀ gan-an, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìyá náà tú etí ìró rẹ̀, ó ń ka owó. Mo rọra bi ọlọ́pàá náà pé ṣé ìjọba kì í fún wọn lówó epo ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ bi Abuja.”

Mo ń bi Abuja nìyí. Owó tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá kì í ṣe láti ibì kan ṣoṣo. Ó wà nínú ètò ìṣúná tí ẹ ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin tí ìjọba bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2019 dá àkànṣe àpò kan sílẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n máa yọ ìdajì náírà nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọ àpò àpapọ̀ fún ọdún mẹ́fà, kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá níṣẹ́ kí wọ́n sì fi ra ohun èlò. Láti ọdún 2007 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ní àpò tirẹ̀, tí ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń dá owó sí, tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún ọlọ́pàá tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tún gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ní Ìbàdàn, owó wọn ni wọ́n sì ń fi bọ́ ọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni etí ìró ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá dé, òun nìkan ni kò sì sí nínú ìwé ìṣirò kankan. N kò tíì rí ìjókòó kan tí wọ́n ti kó gbogbo owó yìí jọ sí ojú kan, kí wọ́n bi mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá léèrè pé nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló dé orí káńtà.

Bí ẹ bá bi mínísítà náà pé kí ni ó ń ṣe nípa ààbò, yóò ka iye ọkọ̀ tí wọ́n rà fún yín, yóò ka iye ọlọ́pàá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, àkókò ìjókòó yóò sì parí. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ mú àgọ́ ọlọ́pàá mẹ́fà, ọ̀kan láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan lórílẹ̀-èdè yìí, kí ẹ má dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ ìjókòó. Lọ́jọ́ náà, kí ẹ bi ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pé láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, èló ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àgọ́ yìí fún epo, fún ìwé, fún oúnjẹ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé, ta ló fọwọ́ sí i pé òun gbà á? Kí ẹ sì fi àṣẹ abala 89 pe DPO ibẹ̀, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ náà, wá, kí ó mú ìwé tirẹ̀ dání. Bí iye méjèèjì bá bára mu, ẹ ó ti mọ̀ pé owó náà kò tó, ẹ ó sì fi kún un. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ó mọ ibi tó sọnù sí. Àríyànjiyàn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ yìí pàápàá, tó kan abala 214 nínú ìwé òfin, kò ní pé ẹ má bèèrè èyí. Ẹni yòówù kó ni ọlọ́pàá, wọn yóò ra epo.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lè má wá. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2018, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pe Ibrahim Idris tó wà nípò náà nígbà yẹn, lórí ìpànìyàn tó ń lọ ní oríṣiríṣi ibi àti lórí ọ̀rọ̀ sẹ́nétọ̀ kan tí ọlọ́pàá mú. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pè é, kò wá fúnra rẹ̀. Ní 9 oṣù Karùn-ún, Ilé kéde pé ọ̀tá ìjọba àwa-ara-wa ni, pé kò yẹ ní ẹni tó ń di ipò mú. Ọ̀rọ̀ náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ló jẹ́. Ó ṣì wà nípò rẹ̀ títí tí ọdún fi yí. Àwọn kan sọ nígbà náà pé kí ni Ilé lè ṣe, ṣé ọlọ́pàá ni yóò lọ mú ọ̀gá ọlọ́pàá? Ẹni tó bá ka abala 89 dé ìsàlẹ̀ yóò rí ìdáhùn níbẹ̀: ọlọ́pàá lè jẹ́ iṣẹ́ ìwé àṣẹ náà, ẹnikẹ́ni mìíràn tí Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà tàbí Abẹnugan bá yàn sì lè jẹ́ ẹ. Àwọn tó kọ ìwé òfin náà ti ro ti ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà, ó yẹ kí n yìn yín níbi tí ìyìn wà. Ní 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba tó wà lórí oyè tó kógbá wọlé, bàálù kan tí wọ́n kọ Nigeria Air sí lára balẹ̀ sí Abuja pẹ̀lú ariwo ayọ̀. Láìpé ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó yín lórí ọkọ̀ òfuurufú pe àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò bi wọ́n léèrè nípa àlàálẹ̀ ọjọ́ iwájú tàbí nípa iyì orílẹ̀-èdè. Wọ́n bi wọ́n pé ta ló ni bàálù náà. Ọ̀gá fìdíhẹ iléeṣẹ́ náà wí níbẹ̀ pé bàálù Ethiopian Airlines ni, pé wọ́n háyà rẹ̀ ni láti fi ṣe àfihàn. Ó parí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, mínísítà tuntun dá gbogbo ètò náà dúró. Ìbéèrè tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bèèrè ni, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gbọọrọ lórí ìjókòó kò lè ṣe.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna. Ní alẹ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn fi àdó olóró ba ọ̀nà ojú irin náà jẹ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èrò lọ sínú igbó. Oṣù Kẹwàá ni àwọn tó kù lọ́wọ́ wọn tó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì ìkọlù náà, Rotimi Amaechi, mínísítà ìrìnnà, sọ ní gbangba pé òun ti béèrè owó ẹ̀rọ ìṣọ́ tí ì bá jẹ́ kí wọ́n rí àwọn agbébọn náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta náírà, pé wọn kò fọwọ́ sí i. Àwọn ìwé ìròyìn ní ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà kọ̀ ọ́ nítorí pé iléeṣẹ́ tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà kò kájú òṣùwọ̀n. Bí èwo bá jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ìbéèrè kejì wà níbẹ̀: bí iléeṣẹ́ kan kò bá kájú rẹ̀, kí ló dé tí wọn kò wá òmíràn kí oṣù Kẹta yẹn tó dé? Ìkẹta sì tún wà: àwọn ọ̀nà ojú irin yòókù ńkọ́? Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ní 7 oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn agbébọn wọ ibùdókọ̀ ojú irin ní Igueben, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n sì kó àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lọ. Kò tíì pé ọdún kan sí ti Kaduna. Èmi tí mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ sí Mọ́níyà, tí mo ń rí igbó ní ọ̀tún àti ní òsì láti Pápáláńtó títí dé Abẹ́òkúta, fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti bi mínísítà léèrè pé ẹ̀rọ wo ló ń ṣọ́ ọ̀nà tiwa.

Ti ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Calabar kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n fọwọ́ sí tírílíọ̀nù kan ó lé 60 bílíọ̀nù náírà fún kìlómítà 47.47 àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2024, láìpe àwọn agbaṣẹ́ṣe mìíràn wá díje ní gbangba. Mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, ti ṣàlàyé títí. Ọ̀nà náà lè dára, ó sì lè yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà gba ìṣirò tí wọ́n fi dé iye yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e síta, kí àwọn ẹnjiníà tó wà lóde lè yẹ̀ ẹ́ wò fún ara wọn.

Ohun kan ṣì wà tí n kò lè fi sílẹ̀. Ẹni tó ń bèèrè ìṣirò gbọ́dọ̀ lè fi tirẹ̀ hàn. Ní ìparí ọdún 2023, nígbà tí ẹ ń ra ọkọ̀ jíìpù fún ara yín, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́nétọ̀ ṣàlàyé pé ọ̀nà orílẹ̀-èdè yìí kò dára, pé ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi pọn dandan. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ akérò lórí ọ̀nà kan náà gbọ́ ọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi ní owó bíi tírílíọ̀nù 3.7 náírà wà nínú ètò ìṣúná tí òun kò rí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sì ní kí ó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta. Bóyá ó ṣì í sọ. N kò mọ̀, nítorí pé ìwé tó yẹ kí ẹ fi já a nírọ́ ní ìlà dé ìlà kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, ìyà ni. Mínísítà tó bá rí irú rẹ̀, kí ni yóò bẹ̀rù nínú ìbéèrè yín? Bákan náà ni àṣà pé kí ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò fún ipò mínísítà kàn tẹrí ba kó máa lọ nítorí pé ó ti jẹ́ aṣòfin rí. Ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò ná ìjọba lówó púpọ̀. Kí iléeṣẹ́ tí ẹ bá pè fi ìwé ìnáwó rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjókòó, kí ẹ sì dá mínísítà tó bá wá lọ́wọ́ òfo padà sílé láìfọwọ́ sí kọ́bọ̀ kan fún un. Bí mínísítà bá ní òun yóò lọ wádìí, kí alága dá ọjọ́ fún un kí ó tó dìde lórí àga, kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì pè é padà lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí ìjókòó ìgbìmọ̀, àtìbéèrè àtìdáhùn, jáde ní kíkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn, kì í ṣe àwòrán mínísítà níbi tó ti ń bọ alága lọ́wọ́. Abala 55 gba èdè Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá láàyè nínú Ilé yín bí ètò bá ti wà fún un. Ilé Aṣòfin Èkó ti ń fi Yorùbá ṣe ìjókòó ní ọjọ́bọ̀, ayé kò sì bàjẹ́. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ ní èdè wa, ẹ jẹ́ kí a rí i kà ní èdè wa.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí owó ọlọ́pàá tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgọ́ mẹ́fà yẹn. Ẹ gbé iye tó dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn síta. Mo ń retí èsì yín ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ èyí ní gbangba.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ orílẹ̀-èdè kan, láti Ìbàdàn.